Owó òṣìṣẹ́ mi tó wá láti Benin wà nínú akáǹtì mi: báwo ni yóò ṣe ní akáǹtì tirẹ̀?

Ìyá Elégaàrí, Òmù-Àrán

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ibi tí a ti ń ṣe gaàrí ni mo ní ní ọ̀nà Àrán-Ọ̀rin. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni àwọn tó ń lọ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń fi jáàkì fún un gbẹ. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tó wá láti abúlé kan lẹ́bàá Natitingou, ní apá òkè orílẹ̀-èdè Benin. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti wà lọ́dọ̀ mi, ó ti gbọ́ Yorùbá débi pé ó ń fi í nájà, n kò sì rí ìwàkiwà lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Owó ọwọ́ ni mo máa ń san fún un tẹ́lẹ̀, títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 nígbà tí CBN pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000. Ó gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan tó ká mọ́ra wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan, owó àtijọ́ ló kún inú rẹ̀, ó ní kò sí báǹkì tí yóò gbà á lọ́wọ́ òun. Mo bá a kó o sínú akáǹtì mi, mo sì rò pé bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ ni yóò gbà á padà. Kò gbà á. Ńṣe ló ń fi kún un. Ní báyìí owó náà ti lé ní ₦400,000, inú akáǹtì tí mo fi ń ta gaàrí gan-an ló sì wà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fẹ́ mọ iye tí mo ní, mo ní láti kọ́kọ́ ṣí ìwé wo èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Mo mú un lọ sí ilé ìfowópamọ́ kan. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kàǹtà gba káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi èdè Faransé kọ, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó sì tì í padà sí wa lábẹ́ gíláàsì pé kò ní NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba), kò ní BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báǹkì), kò sí ohun tí òun lè ṣe. Bí a ṣe jáde ni ọkùnrin kan lẹ́nu géètì gbà mí nímọ̀ràn pé kí n mú un lọ forúkọ sílẹ̀ bí ọmọ Bàrìbá láti Baruten ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níbí, pé ta ni yóò mọ̀. Ọkàn mi kò gbà á.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: ṣé òfin gbà kí ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ní akáǹtì, ibo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, kí sì ni kí n ṣe sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi kó tó di ìjà?

Ọmọ Ìdí-Àpẹ́, Ìlọrin

Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Ìdí ṣíṣí akáǹtì ni mo ti ṣiṣẹ́ ní ilé ìfowópamọ́ kan ní Ìlọrin kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọbìnrin yẹn kò parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ tán.

Kò sí òfin kankan ní Nàìjíríà tó ní kí àjòjì má ní akáǹtì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, CBN pàṣẹ pé akáǹtì ẹni kọ̀ọ̀kan tó kéré jù lọ pàápàá, èyí tí wọ́n ń pè ní Tier 1, gbọ́dọ̀ ní BVN tàbí NIN, àwọn tí kò ní in ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì pa ní ọdún 2024. Ṣáájú ìgbà náà, fọ́tò, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù tó láti fi ṣí Tier 1, ọ̀nà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ àlejò tó wà láàárín wa gbà wọlé. Ọ̀nà náà ti dí, kò sì sí òṣìṣẹ́ báǹkì kankan tó lè là á fún yín bó ti wù kó láàánú tó.

Nítorí náà, kì í ṣe báǹkì ni ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn Ìmígíréṣọ̀n ni. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ṣe ní ọdún 1979 ló fún ọmọ Benin láǹfààní láti wọlé síhìn-ín láìgba físà, kó sì lo 90 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní láti gba káàdì ìgbélùú ti ECOWAS lọ́wọ́ iléeṣẹ́ Ìmígíréṣọ̀n. Ọ́fíìsì wọn fún ìpínlẹ̀ wa wà níbí ní Ìlọrin. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ yìí ni wọ́n gun ọ̀kadà gba ẹ̀gbẹ́ ibodè Chikanda kọjá láìsí ẹni tó tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé wọn, tí wọn kò tilẹ̀ ní ìwé tí wọ́n lè tẹ òǹtẹ̀ sí. Bí tirẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kó padà lọ sílé lọ gba páspọ́ọ̀tù, kó sì gba ẹnu ibodè wọlé ní tààrà kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ fún un. Ìnáwó ni, mo mọ̀, ṣùgbọ́n lára òǹtẹ̀ yẹn ni gbogbo ìyókù yóò ti jáde.

Lórí NIN, òfin tó dá àjọ NIMC sílẹ̀ ní ọdún 2007 gbà kí àjòjì tó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, bí ìgbélùú náà bá ti bá òfin mu. Ọdún mẹ́rin tó ti lò lọ́dọ̀ yín láìní ìwé lè má wọ inú ìṣirò náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, páspọ́ọ̀tù àti káàdì ìgbélùú la fi ń ṣe BVN fún àjòjì, nítorí náà bó bá ti ní méjèèjì lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ lọ bi báǹkì léèrè BVN kó tó máa dúró de NIN. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ fún méjèèjì. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó ìforúkọsílẹ̀ wá, tara rẹ̀ ló ń ṣe.

Ẹ sì bi wọ́n léèrè irú akáǹtì tí wọ́n fẹ́ ṣí fún un. Owó tó wà nínú Tier 1 kò gbọdọ̀ ju ₦300,000 lọ, Tier 2 kò gbọdọ̀ ju ₦500,000. Tier 3 ni kò ní gbèdéke, òun náà sì ni wọ́n ti máa ń béèrè ẹ̀rí ilé tí ènìyàn ń gbé. Owó rẹ̀ ti ju Tier 1 lọ kó tó ṣí i.

Ní ti èyí tó wà lọ́wọ́ yín, Màmá, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Lójú báǹkì, owó yín ni, kò sí ti ẹlòmíràn níbẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni ètò kan ti wà tí CBN ń pè ní GSI, tó fún báǹkì tó yá ènìyàn lówó láṣẹ láti yọ gbèsè rẹ̀ tí kò san nínú akáǹtì èyíkéyìí tó so mọ́ BVN onígbèsè náà, ì báà jẹ́ ní báǹkì mìíràn. Bí ẹ bá yáwó ra ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́, tí ọjà kò sì yá lọ́dún kan, inú owó ọmọ yìí ni wọ́n lè ti gé e, kò sì ní sí ohun tí òun lè fi hàn. Bí ọlọ́jọ́ bá sì dé, kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́, àwọn ọmọ yín kò ní lè fọwọ́ kan akáǹtì náà títí tí wọn yóò fi gba ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́ gíga. Ta ni yóò wá dìde láàárín ẹbí láti sọ pé ti ará Natitingou wà nínú rẹ̀?

Bàbá Ọlọ́jà, Òró

Wàhálà yìí ti pọ̀ jù. Ẹ ka owó ọmọ náà fún un lọ́wọ́, kí ẹ sì máa san tirẹ̀ fún un lóṣooṣù. Àwọn tó ń jí nǹkan kò pọ̀ tó àwọn tó ń kó ara wọn sí ẹjọ́.

Ìyá Elégaàrí, Òmù-Àrán

Bàbá, ẹ ṣeun. Bí ẹ bá rí bí ọmọ yẹn ṣe jókòó ti àpò sìmẹ́ǹtì lọ́dún 2023, tó ń bi mí bóyá òun ti ṣiṣẹ́ lásán, ẹ kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó dá a pé owó àtijọ́ ṣì ṣeé ná, kó sì tó di ìgbà náà, mo rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ta owó tiwọn ní ẹ̀dínwó fún ẹni tó ní akáǹtì.

Ará Kétu, Gàá Akáńbí

Ìyá wa, ẹ kú ọkàn rere. Ọmọ Kétu ni mí, Kétu ti ilẹ̀ Benin, télọ̀ sì ni mí níbí ní Ìlọrin. Èdè kan náà la jọ ń sọ, nítorí náà ẹ lè fojú inú wo iye ìgbà tí wọ́n ti fún èmi náà ní irú ìmọ̀ràn tí ọkùnrin ẹnu géètì yẹn fún yín. Ẹnìkan tí a jọ kọ́ṣẹ́ gbà, ó sì fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ọmọ Òkè-Ògùn. Ó ṣí akáǹtì, ó ń ná an fàlàlà, àwa tí a ń lọ tí a ń bọ̀ ní ọ́fíìsì sì dà bí òmùgọ̀. Nígbà tó fẹ́ gba ẹrù láti òkèèrè, tó sì nílò páspọ́ọ̀tù rẹ̀ ti Benin, ó ti di ẹni méjì: orúkọ ọ̀tọ̀, ọjọ́ ìbí ọ̀tọ̀, ìlú ọ̀tọ̀, ìtẹ̀ka kan ṣoṣo. Ìtẹ̀ka ẹni kì í sì í ṣe ohun tí a lè fi ọwọ́ pa rẹ́. Òfin NIMC ka irọ́ pípa níbi ìforúkọsílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àjòjì tó bá sì ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kò rí ẹbí tí yóò bá a sáré kiri. Ẹ dúró lórí ohun tí ọkàn yín sọ fún yín.

Nǹkan méjì wà tí ẹ̀gbọ́n Ìdí-Àpẹ́ kò mẹ́nu bà, bóyá nítorí pé ẹ̀yìn kàǹtà ni àwọn wà. Àkọ́kọ́ ni orúkọ. Lórí káàdì tiwa, orúkọ ìdílé ló máa ń ṣáájú, orúkọ àbísọ á sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó forúkọ mi sílẹ̀ kò ka èdè Faransé, ó yí i padà, báǹkì sì kọ ọ́ lọ́nà ọ̀tọ̀, tó fi jẹ́ pé BVN mi ń pe ẹnìkan, NIN mi ń pe ẹlòmíràn, kò sì ṣeé so pọ̀. Owó ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó tún un ṣe, torí àtúnṣe kì í ṣe ọ̀fẹ́ bí ìforúkọsílẹ̀. Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé pélébé, èyí tó jẹ́ ti ìdílé lọ́tọ̀, èyí tó jẹ́ àbísọ lọ́tọ̀, kó sì wo ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ pa.

Èkejì ni ìka. Ẹni tó ń fún ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́, omi ẹ̀gẹ́ á ti bó o lọ́wọ́, ẹ̀rọ kò sì ní rí ìlà ìka kà. Irin gbígbóná ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí èmi náà. Kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó máa fi òrí pa ọwọ́ lálẹ́, kó sì fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá ṣe é, wọn yóò ní kó lọ, kó padà wá, owó ọkọ̀ láti Òmù-Àrán sí Ìlọrin kò sì rọrùn mọ́.

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹ̀yin ọlọ́gàá kì í sábà gbọ́ lẹ́nu wa. Akáǹtì dára, ṣùgbọ́n àwa kì í fẹ́ fi owó púpọ̀ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná nílé wa so mọ́ owó yúrò, 655.957 ni yúrò kan, kì í yẹ̀. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, ẹni tó kó náírà pamọ́ síbí láti fi kọ́lé sí Kétu rí i pé ṣáájú kí ọdún 2024 tó parí, ó ti sọ ju ìdajì lọ nù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i. Nítorí náà, bí owó bá ti wọlé, mo máa ń fi ránṣẹ́ sí onípàṣípààrọ̀ kan láti orí fóònù mi, òun á sì ní kí ẹnìkejì rẹ̀ fi sẹ́fà sínú MTN mobile money àbúrò mi obìnrin. Ó yára ju kí ènìyàn gbé owó sínú ọkọ̀ lọ. Bí onípàṣípààrọ̀ bá sá lọ, kò sí ọ́fíìsì tí mo lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ, ìdí nìyí tí n kì í fi ránṣẹ́ ju díẹ̀díẹ̀ lọ. Ẹ bi ọmọkùnrin yín léèrè ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe. Ó lè jẹ́ pé akáǹtì tó kàn ń gba owó wọlé tó sì ń rán an jáde ló nílò, kì í ṣe ibi ìpamọ́.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, Ọ̀fà

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ọ̀fà níbí, nítorí pé àwọn bàbá wa ti jẹ́ àlejò rí. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gáná pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àwọn tí owó wọn wà lọ́wọ́ oníbàárà àti lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Bàbá mi àgbà gbé ẹ̀rọ ìránṣọ àti ìwé gbèsè bọ̀ láti Kumasi. Ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹnikẹ́ni kò san ohun tó wà nínú ìwé náà. Èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti gbé ohun tó ní lé ọ̀rẹ́ lórí, bí ọ̀rẹ́ náà tilẹ̀ jẹ́ ẹni bí Ìyá Elégaàrí.

Bí ìwé rẹ̀ bá ṣì ń falẹ̀, ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba sàn ju alájọ tó ń kiri lọ, nítorí pé orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ sí páásìbúùkù, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì máa gba risíìtì. Àwọn ẹgbẹ́ kan máa ń béèrè ẹni tí yóò dúró fún un. Màmá lè ṣe ìyẹn. Ẹ mọ̀ ṣá o pé NDIC, àjọ tó ń san owó fún oníbàárà bí báǹkì bá wó, kì í dáàbò bo owó ẹgbẹ́ tàbí ti alájọ. Ti báǹkì ni wọ́n ń dáàbò bò, láti ọdún 2024 sì ni wọ́n ti gbé e sókè: ₦5 mílíọ̀nù fún ẹni tó fowó sí báǹkì ńlá, ₦2 mílíọ̀nù fún báǹkì kéékèèké tí wọ́n ń pè ní microfinance. Nítorí náà, bí ìwé bá ti délẹ̀, kó kó èyí tó pọ̀ níbẹ̀ lọ sí báǹkì.

Ìyá Elégaàrí, Òmù-Àrán

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Mo pe ọmọ náà jókòó, mo bi í bí Ará Kétu ṣe ní kí n bi í. Ó ní ìdajì owó náà wà fún òrùlé tí bàbá rẹ̀ fẹ́ kàn, ìdajì tó kù ni òun fẹ́ fi ra ẹ̀rọ ìlọ-ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ níbí. N kò mọ̀ pé ó ń ronú láti kúrò lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tòní. Yóò lọ sílé lẹ́yìn òjò láti lọ ṣe páspọ́ọ̀tù. Ìbéèrè tó kù fún mi ni pé kí ni kí n ṣe sí owó náà títí di ìgbà náà? Mo lè ṣí akáǹtì mìíràn fún un ní orúkọ mi kó má baà dà pọ̀ mọ́ ti gaàrí.

Ọmọ Ìdí-Àpẹ́, Ìlọrin

Akáǹtì mìíràn yóò mú kí ìṣirò rọrùn, ẹ ṣí i, ṣùgbọ́n BVN yín náà ni yóò wà nídìí rẹ̀, nítorí náà GSI lè dé ibẹ̀. Ẹ má ṣe yáwó lọ́wọ́ báǹkì tàbí lórí fóònù kí owó yẹn tó jáde.

Èyí tó jẹ́ ti òrùlé, kó má dúró dìgbà tí ìwé bá jáde. Kó mú un lọ bó bá ń relé, tàbí kó rán an díẹ̀díẹ̀ bí Ará Kétu ṣe ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ gba owó ọwọ́ fún un lọ́dọ̀ oní-POS, ẹ rántí pé ₦100,000 ni ẹnìkan lè gbà lójúmọ́ níbẹ̀.

Ní ti ìyókù, ẹ gba ìwé kan tó ní abala méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ yín, kí èkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ iye tó wà níbẹ̀ lónìí sí i ní òǹkà àti ní ọ̀rọ̀, nọ́ńbà akáǹtì náà, àti pé owó ọmọ náà ni, ẹ kò yá a, ẹ kò sì fún un lówó èlé lórí rẹ̀. Kó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kí ẹ̀yin náà bu ọwọ́ lù ú níwájú ẹlẹ́rìí méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ yín tó dàgbà jù, torí òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bi. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀ ní Natitingou sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbàkígbà tí owó bá wọlé tàbí jáde, ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ kọ ọ́ sínú abala méjèèjì lọ́jọ́ náà gan-an.